Ẹran iléyá, ẹ̀wà ìbejì, àsè ọdún eégún: èwo ni Kristẹni lè jẹ?

Ìyá Ìjọ
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iléyá ti sún mọ́lé, àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ìjọ. Àwọn aládùúgbò á gbé ẹran wá. Ilé kejì máa ń se ẹ̀wà fún ìbejì, wọ́n á pín in fún àwọn ọmọdé. Àwọn àna náà á sì ránṣẹ́ pé ká wá jẹun lọ́dún eégún. Àwọn kan ní oúnjẹ òrìṣà ni gbogbo rẹ̀, àwọn kan ní tá a bá ti gbàdúrà sí i, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ààlà wà? Báwo lèèyàn sì ṣe ń kọ̀ ọ́ tí kò ní dìjà?

Olùkọ́ Bíbélì
Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ibi tí oúnjẹ wà ni Pọ́ọ̀lù ń wò nínú Kọ́ríńtì Kìíní. Tó bá jẹ́ ọjà (10:25), rà á, jẹ ẹ́, má wádìí. Tó bá jẹ́ ilé ẹni tó pè ọ́ (10:27-28), jẹ ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ. Àmọ́ bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé wọ́n fi rúbọ, fi í sílẹ̀ nítorí ẹni tó sọ ọ́. Tó bá jẹ́ nídìí òrìṣà gan-an (8:10, 10:14-22), kò sí àwíjàre: èèyàn kì í jẹ nídìí tábìlì Olúwa kó tún lọ jẹ nídìí ti ẹ̀mí èṣù.

Kò rọrùn fún àwọn ará Kọ́ríńtì rárá. Àwọn awalẹ̀pìtàn hú yàrá ìjẹun mẹ́ta jáde níbi ojúbọ Asklepios, òrìṣà ìwòsàn àwọn Gíríìkì, níbẹ̀, àga ìrọ̀gbọ̀kú 11 ló wà fún àwọn àlejò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọ̀rẹ́ pè wá jẹun lásán lè bá ara rẹ̀ nínú ọgbà òrìṣà.

Àdúrà ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Lóòótọ́, àdúrà ń ya oúnjẹ sí mímọ́ (1 Tímótì 4:4-5), ṣùgbọ́n kò yí ibi tí o jókòó sí padà, ẹni tó ń wò ọ́ kò sì gbọ́ ohun tí o sọ sínú.

Alápatà
Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ẹran iléyá jẹ́ ná. Àgbò tó ti pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ewúrẹ́ ọdún kan, tàbí màlúù ọdún méjì, tí èèyàn méje lè dá pọ̀ pa. Wọ́n á ní "Bisimilahi, Allahu Akbar", wọ́n á gé gògóńgò àti iṣan ọrùn, ẹ̀jẹ̀ á dà sílẹ̀. Wọ́n sábà máa ń pín in sí mẹ́ta: ti ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti aláìní. Wọn kì í tà á, wọn kì í sì fi awọ rẹ̀ san owó alápatà. Kùránì 22:37 sọ pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Kò sí ojúbọ tí wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ náà sí.

Mùsùlùmí ló sì pa púpọ̀ nínú ẹran màlúù tí ẹ ń rà lọ́jà, Bisimilahi kan náà ni. Ẹni tó ń jẹ tibẹ̀, tó wá ń da ti aládùúgbò nù, kí ló rí sọ?

Ẹran tútù inú ọ̀rá kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru o. Ẹ tètè fọ̀ ọ́, kí ẹ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Díákónì
Alápatà, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú Ìsìláàmù wá ń kọ́? Tí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ pé ìsìn àtijọ́ lòun ń padà sí, ẹ̀ṣẹ̀ ló jẹ́ fún un (Róòmù 14:23). Ẹ má fipá bá a, ẹ má sì máa jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀wà ìbejì, ẹ béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ṣé ẹ ti bù fún ère kẹ́ ẹ tó pín in?" Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń ṣàjọyọ̀ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ. Tí wọ́n bá ti gbé e ka iwájú ère, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ láti sọ pé, "Ẹ ṣé, mà, màmá mi ní kí n máa gbé e wálé kí n tó jẹ."

Ọdún eégún ni mi ò ní gbà. Ẹran tí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ojúbọ náà ni wọ́n ń sè fún àsè. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti bá wọn pín nínú ẹbọ (1 Kọ́ríńtì 10:18).

Ìyá Ìjọ
Ẹ ṣeun, sà. Kí ni ká wá sọ fáwọn àna?

Olùkọ́ Bíbélì
Ẹ má purọ́ pé inú ń run yín, nítorí wọ́n á tún pè yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ lọ kí wọn ṣáájú ọjọ́ ọdún, ẹ gbé ìrẹsì tàbí iṣu dání, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ kedere pé, "Bàbá, a wá kí yín kú ọdún, àmọ́ a ò ní lè bá yín jẹ nínú oúnjẹ ẹbọ." Bí wọ́n bá bínú, ẹ tún lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jókòó pẹ́, ẹ jẹ ohun tí wọ́n bá sè lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn aládùúgbò Mùsùlùmí, ẹ bu oúnjẹ Kérésì fún wọn. Kùránì 5:5 gba oúnjẹ àwọn oníwèé, ìyẹn àwọn Júù àti Kristẹni, fún wọn, àmọ́ ẹ má fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọtí sí i.