Ẹ gbà mí o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n wọkọ̀ lọ Antarctica

Tíṣà Houston: Ẹ̀yin ará ilé, àyà mi ń já o. Wọ́n mú mi pé kí n bá àwọn tó ń ṣèwádìí òkun lọ sí Antarctica, Punta Arenas ní Chile la ti máa wọkọ̀, mo ti sọ fún gbogbo ọmọ kíláàsì mi. Dókítà wá ní eyín mi tó wà lẹ́yìn pátápátá ò hù tán, òun ò ní sáìnì fọ́ọ̀mù àfi kí n yọ ọ́. Ṣé á ti jinná kí n tó lọ? Kí ni kí n sì dì?

Ìyá Ìbejì Chicago: Yọ ọ́ lónìí. Èmi fojú di tèmi, mo gba ilé lọ ní Kérésì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí búrẹ́dì, owó tí mo ná ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ẹ̀gbọ́n Aberdeen: Àbúrò, èébì ni kó o bẹ̀rù, Drake Passage lẹ máa gbà, òkun oníjì tó wà láàárín South America àti Antarctica. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọkọ̀ ní North Sea, ìgbà tí mo ti bì tán ni mo tó lẹ òògùn èébì sẹ́yìn etí, kò ràn mọ́, ọjọ́ méjì ni mo fi sùn ní kábíìnì, wọ́n sì yọ owó ẹ̀. Alẹ́ tó ṣáájú ni kó o ti lẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Winnipeg: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kábíìnì tẹ́ ẹ wọ̀ lọ sùn ló ṣe yín. Ọ̀ọ́kán lèèyàn ń wò, níbi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run.

Ẹ̀gbọ́n Aberdeen: Òkun wo lo rí ní Winnipeg? Ta ló fẹ́ dúró síta nígbà tí ìgbì ń gba orí ọkọ̀ kọjá?

Tíṣà Baltimore: Ẹ fìjà sílẹ̀. Mo ti bá wọn lọ sí Arctic rí. Má wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú sínú o, tó bá ti mu òógùn, òtútù dé, wúùlù ni. Kó ife fóòmù dání, kí àwọn ọmọ kọ orúkọ sí i. Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń bu omi ìsàlẹ̀ òkun, tó bá fi dé 3,000 mítà, omi á fún un pọ̀ títí á fi kéré bí ife òògùn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ki bébà sínú ìkọ̀ọ̀kan! Èmi ò kì í, ife 28 wọnú ara wọn, kò ṣeé yọ mọ́, ọmọ kan sunkún torí tiẹ̀ wà láàárín.

Tíṣà Houston: Ẹ ṣé gan-an mà. Wọ́n ní -1.8°C ni omi òkun ibẹ̀ fi ń di yìnyín.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Winnipeg: -1.8 kẹ̀? Wá wo -30 tiwa ní January!

Ìyá Ìbejì Chicago: Ẹ̀ẹ́ bá Chicago du atẹ́gùn ni?

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Winnipeg: Ọyẹ́ Ìbàdàn ló ń wù mí jàre, ká jí, ká yáná, ká fòrí para, kí ètè ṣì máa bó.

Tíṣà Houston: Ìyá mi ti fi òrí ránṣẹ́ sí mi. Eyín yìí ńkọ́, ọjọ́ mélòó ló fi ń jinná?

Ìyá Ìbejì Chicago: Òrí ibo? Ti Ṣakí ni? Jọ̀ọ́, bá mi bù díẹ̀ sílẹ̀ kó o tó lọ.