Béèsì íǹṣì 32 fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onígìtá. Ìbàdàn ni mo wà, èmi ni mo ń ta béèsì ní ìjọ wa láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọwọ́ mi kò gùn. Bí mo bá ya ìka ọwọ́ òsì mi tán pátápátá, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín kò ju íǹṣì 7 lọ. Gìtá tí ìjọ ní, olókùn mẹ́rin ni, ó gùn, ó sì wúwo. Ti ọjọ́ Ìsinmi ṣeé fara dà. Ìṣọ́ òru ló ń pa mí. Bí onídùùrù bá ti wọ F nínú orin ìyìn, a lè lo wákàtí kan gbáko níbẹ̀ láìdúró, fret 1 sí 4 (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) ni gbogbo iṣẹ́ yẹn sì wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọrùn ọwọ́ á ti máa ro mí, ọmọńdinrín kò ní lè tẹ okùn mọ́.

Mo ti ń kówó jọ láti ra tèmi. Lóṣù tó kọjá mo lọ wo ọ̀kan, ẹni tó ń tà á ní kékeré ni, ti obìnrin ni. Ara rẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí mo gbé e kọ́rùn, bí ọwọ́ mi ṣe ń nà lórí ti ìjọ náà ló ṣe ń nà lórí rẹ̀. Ẹnì kan wá ní medium scale, íǹṣì 32, ni kí n wá. Ẹlòmíràn ní kí n kúkú ra short scale. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe? Mi ò fẹ́ kí E mi, okùn tó nípọn jù, máa dún bíi rọ́bà.

Bọ̀dá Oníbéèsì, Èkó:
Kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Ara gìtá kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Scale ni gígùn okùn láti nut (ibi tí okùn gbà kọjá ní òkè ọrùn gìtá) dé bridge (ibi tí okùn jókòó lé lára gìtá), òun ló ń pinnu bí fret kan ṣe máa jìnnà sí ìkejì. Íǹṣì 34 ni Leo Fender fi ṣe Precision ní 1951, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe béèsì sì tẹ̀ lé títí dòní. Short scale ni Höfner ilẹ̀ Jámánì tí Paul McCartney ń ta, nǹkan bí íǹṣì 30, àti Mustang tí Fender gbé jáde ní 1966. 32 wà láàárín wọn, kò sì pọ̀ lọ́jà wa.

Mú téèpù aránṣọ dání. Wọ̀n ọ́n láti nut dé orí irin fret 12, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. 17 jẹ́ 34, 16 jẹ́ 32, 15 jẹ́ 30. Ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ, téèpù ni kí o gbà gbọ́.

Atúngìtáṣe, Abẹ́òkúta:
Má tíì náwó. Gìtá ìjọ yẹn gan-an lè fi 32 hàn ọ́. Rọ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní ìdajì ohùn, kí E di E flat, kí àwọn yòókù náà sọ̀ bákan náà, kí o wá fi kápò (ìdè tí a fi ń tẹ gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá) dì í mú ní fret 1. Ohùn ti padà sí E, ìyókù okùn láti kápò dé bridge sì ti di íǹṣì 32 àti díẹ̀. Kì í ṣe gígùn nìkan lo máa rí níbẹ̀ o, bí okùn ṣe máa rọ̀ lábẹ́ ìka náà nìyẹn. Bí o bá rọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní odidi ohùn kan, tí o gbé kápò lọ sí fret 2, o ti bá ara rẹ ní nǹkan bí 30. Tí kápò kò bá di okùn E mú dáadáa, yọ ọ́, kí o kàn máa tẹ fret 2 bí ẹni pé fret 1 ni.

Wo nut náà. Tẹ okùn E mọ́ fret 3, kí o yọjú wo orí fret 1. Àyè tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju kí bébà kọjá lọ. Àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi, òmíràn á gba káàdì ATM! F tí o ń sọ yẹn, fret 1 okùn E ló wà. Bí nut bá ga, ibẹ̀ gan-an ló máa le jù.

Ìyá Ìbejì, London:
Mezzo ti Ibanez ni mo ń ta, SRMD200, íǹṣì 32. Inú mi dùn sí i gidigidi, mi ò ní fi pamọ́. Láti fret 1 sí 4 lórí 34, ó tó íǹṣì 5.1, lórí 32, 4.8 ni. Ẹ lè ní kí ni ìyẹn já mọ́, àmọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí méjì. Okùn kan náà, ohùn kan náà, fífà rẹ̀ á sì fi nǹkan bí 11 nínú 100 dín sí ti 34. Ní 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín 22. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rọ́bà ti ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn tó nípọn díẹ̀ máa ń tún un ṣe.

Ẹ ṣọ́ irú okùn tí ẹ máa rà. Ti long scale, ìyẹn 34, ni mo kọ́kọ́ fi sí tèmi, ibi tó nípọn lára E kọjá nut, ó lọ wé mọ́ ibi tí a ti ń yí i, kò sì dúró sójú ohùn rí. D'Addario ní ti medium, EXL170M, M yẹn ni kí ẹ wò. Bí ó bá pọndandan láti gé okùn, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ kí ẹ tó gé e, kí wáyà tó yí i lára má bàa tú.

Ọmọ Onílù, Ìlọrin:
Ní tèmi, olókùn márùn-ún ni kí wọ́n rà. Orin ìyìn òde òní ń fẹ́ D àti C ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìbejì, London:
Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n B ni okùn tí 32 kọ́kọ́ máa ń mú rọ̀. Ọrùn olókùn márùn-ún á tún fẹ̀ sí i, ọwọ́ tó ń ro wọ́n ni wọ́n sì ń sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ E sí D bí orin bá fẹ́ ẹ.

Olùkọ́ orin, Òṣogbo:
Mi ò fẹ́ kí a fi gbogbo ẹ̀bi lé gìtá lórí. Ẹ̀yin náà, ṣé ìka kan fún fret kan lẹ ń lò nísàlẹ̀ níbẹ̀? Àwọn tó ń ta béèsì ńlá tí a ń gbé dúró kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfábẹ̀là, àárín, lẹ́yìn náà ìka òrùka àti ọmọńdinrín pọ̀ lójú kan, fret mẹ́ta péré. Ẹ gbé gbogbo ọwọ́ lọ fún ìkẹrin, ẹ má nà án. Kí bẹ́líìtì fẹ̀, kí gìtá sì wà níbi tó máa ń wà tí ẹ bá jókòó. Bí ó bá sọ̀ dé itan, ọrùn ọwọ́ á ká kọrọ. Ìrora tó bá wà títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ lọ fi han àwọn physiotherapist ní UCH, ẹ má fi pa mọ́ fún ara yín.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo wọn gìtá ìjọ, 17 géérégé. Mo pe ẹni tó fi ti "obìnrin" yẹn hàn mí, mo ní kó bá mi wọ̀n ọ́n. 17 náà ni!

Mo fi kápò sí i lálẹ́ àná. Ní fret 1, mo ta F fún ogójì ìṣẹ́jú pẹ̀lú ìlò ìka tí Olùkọ́ sọ, àtàǹpàkò mi kò fún ọrùn gìtá pọ̀ kankan. Ní fret 2, ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ E ń gbọ̀n, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Nut rẹ̀ gba káàdì ATM, bí ẹ ṣe wí. 32 ni mo ń wá báyìí, olókùn mẹ́rin, tuntun tàbí tòkunbọ̀. Bọ̀dá Atúngìtáṣe, ṣé mo lè gbé ti ìjọ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ẹ bá wa sọ nut rẹ̀ kalẹ̀? Ìṣọ́ òru wà ní Ẹtì tó ń tẹ̀ lé e.

Atúngìtáṣe, Abẹ́òkúta:
Gbé e wá ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Má yọ okùn rẹ̀ o, orí okùn tó ti le dójú ohùn ni mo ti ń wo nut.