Ṣé ó yẹ kí òbí máa lu agogo nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá softball (eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíràn sì ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù náà) nílé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà, mo kí yín o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ọmọbìnrin mi ni ó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 43 péré ni ó sì wà láàárín òun àti ibi tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù náà. Nínú ìdíje kan láìpẹ́ yìí, àwọn òbí ẹgbẹ́ kejì kó agogo ọrùn màlúù àti fèrè vuvuzela wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn wáyà gan-an, bí ọmọ náà bá sì ti ń yí apá báyìí, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ariwo kíkankíkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọmọ tiwọn láti jù, wọn a dákẹ́ rọ́rọ́.

Èmi kò kórìíra ariwo, nítorí orin tí àwọn ọmọbìnrin náà máa ń kọ láti ibi ìjókòó wọn dùn mọ́ mi púpọ̀. Èyí tí a dìídì pa láti da ọmọ ọlọ́mọ láàmú ni n kò fara mọ́.

Ta ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ bá sọ ọ́: rẹfirí, olùkọ́ni wa, tàbí ọ̀gá eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà wá lálejò? Ǹjẹ́ òfin ìpínlẹ̀ tiyín ka irú agogo bẹ́ẹ̀ léèwọ̀?