Ìkìlọ̀ ara páálí sìgá: kí ni ó yé yín nínú rẹ̀?

Àdùkẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń mu sìgá, tàbí tí ènìyàn rẹ̀ ń mu ún, sọ ohun tí ìkìlọ̀ ara páálí jẹ́ kí ó mọ̀ nípa àìsàn.

Ọmọ Awakọ̀: Awakọ̀ ni bàbá mi, kò sì kàwé. Mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó na páálí rẹ̀ sí mi pé kí n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, mo sì kà á: “Smokers are liable to die young.” N kò mọ ohun tí “liable” ń jẹ́, nítorí náà mo sọ fún un pé wọ́n ní àwọn tó ń mu sìgá máa ń kú ní kékeré. Ó ní òun ti lé ní àádọ́ta ọdún, pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun mọ́. Ohun tí ó gbà gbọ́ nìyẹn títí ikọ́ fi dé, tí kò lè gun àtẹ̀gùn láìdúró mí. Ìkìlọ̀ náà kò dárúkọ ẹ̀dọ̀fóró, kò dárúkọ ọkàn, kò dárúkọ àrùn rọpárọsẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ọmọdé ni yín nígbà náà.

Ará Peckham: Ní London, àwòrán ti wà lára páálí láti 2008, mo sì máa ń da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Síbẹ̀, ara páálí ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé sìgá lè fọ́ ènìyàn lójú, èyí sì bà mí lẹ́rù ju ikú lọ.

Ará Mọ́kọ́lá: Páálí wo? Ẹyọ kan ni mo ń rà láàárọ̀, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́. Onísìgá ló ń rí ìkìlọ̀.

Àdùkẹ́: Òfin tábà ti Nàìjíríà ní 2015 ka títa ẹyọ léèwọ̀, páálí kò gbọdọ̀ dín ní 20.

Ará Mọ́kọ́lá: Ẹ wá wo ibùdókọ̀ wa.

Ará Peckham: Ìdí nìyẹn tí ohun tí Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní 2023 fi wù mí: wọ́n ń tẹ ìkìlọ̀ sára ẹyọ sìgá kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ Èdè: Ní èdè wo? Kí wọ́n kọ “jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró” fún wa ní Yorùbá.

Ìyá Ìbejì: N kò fara mọ́ ọn. Ní ọjà tí mo ti ń ta ẹran, fùkù ni a ń pè é. Bí ẹ bá ní ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò rò.

Olùkọ́ Èdè: Ti ẹran ni fùkù. Ti ènìyàn ni a ń sọ.

Ọmọ Awakọ̀: Ká ní fùkù ni wọ́n kọ síbẹ̀, n kì bá tí ṣì í túmọ̀ fún bàbá mi. Ó fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ó mọ ibi tí ó wà nínú ara.