Àwa ọmọ Òṣogbo fẹ́ gun òkè Snowdon fún ayẹyẹ òmìnira, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọÒkefìa:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi bíi tiwa náà, ẹ kú àjò. Àwa ọmọ Òròkí tá a wà ní Manchester, tó bá ti di October 1 gbọ̀ngàn la máa ń gbà, a á se ìrẹsì, a á jó, a á túká. Lọ́dún yìí a ní ká jọ jáde síta, ká gun Snowdon, òkè tó ga jù ní Wales, ní Sátidé tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ òmìnira, ká na àsíá Nàìjíríà sókè níbẹ̀. Mítà 1,085 ni gíga ẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àwọn ọmọdé náà ń bọ̀, ọ̀pọ̀ wa ò sì gun nǹkan kan rí ju Erin-Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó wa lọ nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀nà wo ni ká gbà? Ṣé a lè wọ aṣọ ẹbí àdìrẹ? Orin orílẹ̀-èdè wo ni ká kọ, torí èyí tí àwọn àgbà mọ̀ kọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ mọ̀?

ArìnrìnÀjò:
Ẹ kú èrò rere. Mo ti ń gun òkè yẹn tipẹ́, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ọ̀nà mẹ́fà ló gbajúmọ̀ jù tó gorí ẹ̀, àmọ́ Llanberis ni kẹ́ ẹ gbà. Òun ló gùn jù, bíi máìlì 9 ní àlọ àti àbọ̀, ṣùgbọ́n kò ga ṣánṣán bíi tàwọn yòókù, ẹ̀bá ojú irin tí wọ́n ti ń lò láti 1896 ló ń bá lọ, ẹ ò lè ṣìnà bọ̀rọ̀. Pyg Track, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà yòókù, kúrú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń ṣì yà sí Crib Goch, àpáta tó tín-ín-rín bí ẹnu ọ̀bẹ, ọ̀gbun lọ́tùn-ún lósì, èèyàn ti kú níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé ọmọdé débẹ̀. Kó tó di aago 8 àárọ̀ kẹ́ ẹ ti gbéra torí ní ìbẹ̀rẹ̀ October ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó di aago 7 ìrọ̀lẹ́, kí olúkúlùkù mú tọ́ọ̀ṣì dání, fóònù nìkan ò tó. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yá ni kẹ́ ẹ fi síwájú kí gbogbo yín máa tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì yan ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn kó gbẹ̀yìn, kó má jẹ́ kẹ́nì kankan kù sẹ́yìn òun. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti yan aago kan, pé tó bá lù tẹ́ ẹ ò tíì dókè, ẹ máa padà. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 ni kẹ́ ẹ pè, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ pé Mountain Rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè, wọn kì í gbowó.

ÀǹtíAláró:
Òṣogbo níbí ni mo wà, aró ni mò ń rẹ. Ẹ má wọ àdìrẹ gun òkè o! Òwú ni, tí òjò bá ti pa á, ara yín ló máa lẹ̀ mọ́, kò ní gbẹ, òtútù á sì mú yín. Jákẹ́ẹ̀tì tí omi ò lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí n rẹ ìborùn pélébé tẹ́ ẹ máa so mọ́ ọrùn tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Aró tuntun máa ń ṣí nínú omi, torí náà màá ṣan án, màá tún un ṣan, títí omi tó ń kán lára ẹ̀ á fi mọ́ gaara, kó má lọ kun àsíá yín. Ẹ má sì ní kí n fi àwọ̀ ewé ṣe é, àsíá ti ní ìyẹn. Ìlú aró ni wá.

MojíÌgbóná:
Ẹ má bínú, ọkàn mi ò gbà á tán. Ọjà Ọba ni mo ti ń ta oúnjẹ, ojú mi ló ń ṣe bí àwọn ìyá ọlọ́mọ ṣe ń gbé kóńgò ìrẹsì sílẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé kí n wọn ìdajì fáwọn. Kí la fẹ́ bá Nàìjíríà yọ̀ lé lórí?

TíṣàFẹ̀yìntì:
Moji, ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí lára, mi ò sì ní bá ẹ jiyàn lé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ òmìnira, kì í ṣe ti ìjọba kankan. Ọmọ iléèwé ni mí lọ́dún 1960, wọ́n fún wa ní ife àti àsíá kékeré, a sì gbé e rìn títí ọwọ́ fi ń ro wá. Àsíá yẹn gan-an, ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní London ló yà á, Táíwò Akínkúnmi, tó kú ní 2023. Nínú ìwé ìròyìn ló ti rí i pé wọ́n ń wá ẹni tó máa yà á. Ó fi oòrùn pupa sáàárín, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi àwọ̀ ewé àti funfun sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé àjò ló ti wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lájò ló sì yẹ kẹ́ ẹ gbé e gòkè. Ní ti orin, èyí tá a kọ láti 1960 di 1978 ni wọ́n dá padà ní May 2024, òun ni kẹ́ ẹ kọ ṣáájú, kí àwọn àgbà máa kọ́ àwọn ọmọ nínú mọ́tò bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Kẹ́ ẹ tún wá kọ èkejì, torí òun làwọn ọ̀dọ́ yín fi dàgbà.

ỌmọÒkefìa:
Ẹ ṣé gan-an sà, orin méjèèjì la máa kọ. Llanberis náà la máa gbà. Moji, owó gbọ̀ngàn tá ò ní san mọ́, àwọn kan ti ń dábàá pé ká fi ra ìwé fáwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó o bá mọ iléèwé tó nílò ẹ̀ jù ní agbègbè yẹn, jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí kí n fi han ẹgbẹ́. Àǹtí, ìborùn yẹn dùn mọ́ wa nínú, ìgbà wo ló yẹ ká ti sọ iye tá a fẹ́ kó lè dé ọwọ́ wa ṣáájú ọjọ́ náà?