Òfin igbó Yúróòpù (EUDR) àti kòkó wa: kí ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní láti kó sílẹ̀ gan-an?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́_Oǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó kòkó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lọ sókè òkun ti ní àwọn ò ní gba àpò kankan mọ́ tí kò bá ní àmì GPS oko tó ti wá. Ẹ bá mi là á yé àwọn èèyàn wa. Ṣé gbogbo oko la máa fẹsẹ̀ yí ká ni, àbí ojú ibì kan ṣoṣo tó? Ṣé àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa kọ̀wé sí Yúróòpù? Àwọn kan nínú wa ń san ìṣákọ́lẹ̀, wọn ò ní ìwé ilẹ̀. Àwọn díẹ̀ ní oko nínú igbó ọba. Ẹlòmíì sì ní kòkó tí bàbá rẹ̀ gbìn sábẹ́ ìrókò àti arère, máàpù tí ilé-iṣẹ́ yẹn fi hàn wá ń pè é ní igbó. Ẹ má ṣe é ní ṣókí fún mi o, níwájú ìpàdé ni mo ti máa ṣàlàyé rẹ̀.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀_Ifẹ̀

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, akọ̀wé. Nọ́ńbà òfin náà ni 2023/1115. Nǹkan méje ló kàn: màálù, kòkó, kọfí, ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà àti igi gẹdú, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ní ti kòkó, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èso gbígbẹ títí dé orí ṣokoléètì. Ọjọ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé ni 31 oṣù Kejìlá 2020. Ilẹ̀ tó bá ṣì jẹ́ igbó lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n wá ṣán án dáko lẹ́yìn rẹ̀, kòkó ibẹ̀ ò lè wọ ọjà wọn, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti di 30 oṣù Kejìlá 2026 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti aláàbọ̀, àti 30 oṣù Kẹfà 2027 fún àwọn kéékèèké. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ fún yín pé òfin náà ti kú. Ọjọ́ ti 2020 ò sún rárá, kòkó tí wọ́n bá ká ní oṣù Kẹwàá 2026 sì lè ṣì wà lójú omi nígbà tí ọjọ́ bá pé.

Àgbẹ̀ ò ní kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé kòkó náà wọ ọjà Yúróòpù, ìyẹn ẹni tó ń kó o wọlé ní Amsterdam tàbí Hamburg, ló máa ṣe ìkéde lórí ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ TRACES. Àmọ́ kò lè ṣe é láìní àmì gbogbo oko tí kòkó náà ti wá, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n kórè rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ìmọ̀ yẹn. Ìdí tó fi ń yọ yín lẹ́nu ni pé ìtanràn tó ga jù lọ lábẹ́ òfin náà ò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ní Yúróòpù.

Ó wá kan wíwọn oko. Oko tí kò bá ju hẹ́kítà 4 lọ (nǹkan bí éékà 10), ojú ibì kan ṣoṣo tó lójú òfin. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti yí i ká. Ẹni tó ní oko mẹ́ta níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ ọ́ ní mẹ́ta. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ pé mẹ́fà lẹ́yìn dọ́ọ̀tì, bíi 7.093412. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yí gbogbo rẹ̀ ká, àtèyí tó kéré. Tí ẹ bá fi ojú kan ṣoṣo sílẹ̀ láìkọ bí oko ṣe tóbi tó, TRACES máa kà á sí hẹ́kítà 4, òbìrìkìtì hẹ́kítà 4 sì fẹ̀ tó mítà 113 sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Àgbẹ̀ tó ní hẹ́kítà kan péré létí igbó ti wọnú igbó lórí máàpù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò gé igi kankan.

Fóònù Android tó dáa tó fún un. KoboToolbox, ètò orí fóònù tí wọ́n fi ń kọ irú ìsọfúnni báyìí sílẹ̀, ò gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bíi tiyín, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ dúró sójú gbangba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, títí ìwọ̀n àṣìṣe tí fóònù ń kọ yóò fi wálẹ̀ dé mítà 5 tàbí kó dín. Abẹ́ kòkó tó dí máa ń da GPS rú: tí ẹ bá jẹ́ kó máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀ yín láìdúró, ilà á máa fò síwá sẹ́yìn títí yóò fi gba orí ara rẹ̀ kọjá, TRACES ò sì ní gba irú ilà bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró ní igun kọ̀ọ̀kan fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kí ẹ tó lọ sí igun tó kàn. Kí àwọn tó bá a pààlà wà níbẹ̀, torí oko méjì tó gun ara wọn lórí máàpù lè dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ má sì gba àmì oko nílé àgbẹ̀ láé.

Àṣìṣe tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni yíyí nọ́ńbà padà. Oko ẹ̀bá ìlú Oǹdó wà ní nǹkan bíi 7.09 sí àríwá, 4.84 sí ìlà-oòrùn. Fóònù àti Google Maps máa ń kọ ti àríwá ṣáájú. Fáìlì GeoJSON, irú fáìlì ààlà oko tí TRACES ń gbà, fẹ́ kí ti ìlà-oòrùn ṣáájú. Ẹni tó bá dà á kọ bó ṣe rí i lórí fóònù ti gbé oko Oǹdó lọ sí Port Harcourt. Nàìjíríà náà ṣì ni, kọ̀ǹpútà ò ní pariwo. Ẹ fi QGIS, ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n fi ń wo máàpù lórí kọ̀ǹpútà, ṣí gbogbo fáìlì lórí máàpù, kí ẹ fojú yín rí i pé abúlé yín ló wà, kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ìyá_Sítọ̀_Kòkó

Ọ̀rọ̀ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n inú sítọ̀ ni nǹkan yìí ti ń bàjẹ́, kì í ṣe inú oko. Látìgbà tí wọ́n ti tú Cocoa Board ká ní 1986, ẹni tó bá ní owó àti òṣùwọ̀n ló ń ra kòkó. Ẹni tó ń fi páànù rà lábúlé á kó o fún ẹni tó ń ra àpò, tọ̀hún á kó o fún LBA (aṣojú tó níwèé àṣẹ láti ra kòkó), LBA á kó o fún ilé-iṣẹ́. Kó tó dé sítọ̀ kejì, wọ́n ti dà á pọ̀.

Òfin yìí ò kọ̀ kí ẹ da kòkó àgbẹ̀ 50 pọ̀, tí gbogbo oko 50 náà bá mọ́ tí ẹ sì kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Èyí tí kò gbà ni àdàpọ̀ pẹ̀lú kòkó tí a ò mọ oko rẹ̀. Àpò kan irú ẹ̀ tó bá ti wọnú òkìtì, gbogbo òkìtì ló bá a lọ. Ẹ ò lè yọ ìwọ̀n àpò kan kúrò nínú ìwé kí ẹ ní ìyókù mọ́.

Nọ́ńbà oko ni kí ẹ máa lò, ẹ má lo orúkọ àgbẹ̀, torí orúkọ kan lè jẹ́ ti èèyàn méjì, ẹnì kan sì lè ní oko mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà náà sára àpò, kí ẹ sì ju páálí kékeré tó ní nọ́ńbà kan náà sínú àpò, nítorí ara àpò máa ń họ níbi tí wọ́n bá ti ń rù ú. Nínú ìwé ìgbàwọlé, ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà oko, iye àpò, kílò, àti omi inú rẹ̀. Ẹ fojú sí omi yẹn dáadáa. Kòkó tó bá ju ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni wọ́n máa ń tú sílẹ̀ láti tún sá, orí pèpéle yẹn gan-an ni àdàpọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ jù, lójú oòrùn, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní ohun búburú kankan lọ́kàn. Ẹ ní kí àgbẹ̀ sá a gbẹ kó tó gbé e wá. Tí ẹ bá máa tún un sá, ẹ fi pákó pín pèpéle, kí ti oko tí ẹ ti wọ̀n dá wà. Ìwọ̀n rẹ̀ á wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwọ̀n tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwé àti àpò ò ní bára mu.

Ìṣirò kan tún wà tí olùrà máa ṣe, ẹ ṣe é ṣáájú rẹ̀. Àpò 16 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 62.5 ló pé tọ́ọ̀nù kan. Oko kòkó níhìn-ín sábà máa ń mú bíi kílò 300 sí 500 wá lórí hẹ́kítà kan lọ́dún, àpò 5 sí 8 nìyẹn. Tí ìwé yín bá ní oko hẹ́kítà 2 kó 40 àpò wá, wọ́n á ní kòkó ẹlòmíì ló gba nọ́ńbà yẹn wọlé. Nígbà míì, òótọ́ ni: àbúrò tó ń dáko nínú igbó ọba ló gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ kọ iye àpò tí oko kọ̀ọ̀kan ò yẹ kó kọjá, kí akọ̀wé sítọ̀ dúró béèrè tó bá ti kọjá rẹ̀.

Ẹ tọ́jú ìwé yìí fún ọdún 5 ó kéré tán. Iye ọdún tí òfin ní kí olùrà fi pa tirẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́_Oǹdó

Ẹ ṣeun gan-an ni, mà, ẹ ṣeun, wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Ó ku ti igbó ọba. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ kó tó di 2000, tí kò gé igbó kankan lẹ́yìn 2020, ṣebí ó yege?

Agbẹjọ́rò_Ilẹ̀

Rárá, akọ̀wé, ìdajì ló yege. Lọ́tọ̀ ni pé kó má pa igbó run lẹ́yìn 2020. Lọ́tọ̀ tún ni pé kó gbin irè náà bí òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣe wí: òfin ilẹ̀, òfin igbó, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ títí kan ọ̀rọ̀ ọmọdé lóko, owó orí, àti àìfún-ni-ní-rìbá. Àgbẹ̀ tó wọ igbó ọba Ìdànrè tàbí Àkúrẹ́-Ọ̀fọ̀sù, tàbí igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí erin ṣì ń gbé, tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, á yege níbi àkọ́kọ́, á sì ṣubú níbi ìkejì. Kò sí máàpù tó lè gbà á.

Ìwé àṣẹ ló lè gbà á, tó bá wà. Ẹ wo ọjọ́ rẹ̀, ẹ wo ibi tó kàn, ẹ sì wò ó dáadáa bóyá ó gba kòkó. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ìjọba bá gba àgbẹ̀ láyè nínú igbó ọba, oúnjẹ bí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fún un láyè láti gbìn sáàárín igi tí wọ́n ń gbìn, kì í ṣe irè tó máa pẹ́ nílẹ̀. Rìsíìtì owó tí ẹ̀ṣọ́ igbó kan gbà kì í ṣe ìwé àṣẹ, ó tiẹ̀ lè di ẹ̀rí tí wọ́n á fi mú yín. Ẹ kọ oko wọ̀nyí sójú ìwé ọ̀tọ̀, kí kòkó wọn má bá ti ẹgbẹ́ wọ sítọ̀ kan náà. Mo mọ̀ pé èèyàn yín ni wọ́n, ó sì dùn mí fún wọn. Àmọ́ tí ẹ bá fi wọ́n pa mọ́ sáàárín yín, gbogbo ẹgbẹ́ lẹ fi wewu.

Ìṣákọ́lẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 mọ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ oko. Ìtọ́sọ́nà tí Yúróòpù fúnra wọn gbé jáde sì ní tí òfin ìlú kò bá sọ pé àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ilẹ̀ kó tó gbìn kó sì tà, àwọn náà ò ní béèrè. Ẹ ṣe ìwé ojú kan fún oko kọ̀ọ̀kan: ẹbí tó ni ilẹ̀, ẹni tó ń dáko, ọdún tó débẹ̀, ohun tó ń san, àwọn tó bá a pààlà, ìfọwọ́sí olórí ẹbí tàbí baálẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àfikún. Ẹni tó ní hẹ́kítà 2 tó ti pẹ́, tó wá ṣán igbó díẹ̀ mọ́ ọn ní 2022, gbogbo irè ilẹ̀ oko yẹn ni òfin sọ pé ó ṣubú, kì í ṣe ti apá tuntun nìkan. Kí a ya apá àtijọ́ sórí máàpù, kí a sì máa da kòkó méjèèjì pọ̀, irọ́ ni.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé nínú ètò ewu tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Karùn-ún 2025, ipò àárín ni Nàìjíríà wà, Gánà wà nísàlẹ̀. Olùrà ò lè gba ọ̀nà ìrọ̀rùn pẹ̀lú kòkó wa. Lọ́dọọdún, ìjọba wọn gbọ́dọ̀ yẹ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé wò; ìdá 1 ni fún àwọn orílẹ̀-èdè ipò ìsàlẹ̀.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀_Ifẹ̀

Ti ìrókò àti arère ló kù. Òfin wà lẹ́yìn àgbẹ̀ níbí. Igbó lójú wọn ni ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 0.5 lọ, tí igi rẹ̀ ga ju mítà 5 lọ, tí orí igi sì bo ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ilẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe jù sílẹ̀, títí kan irè tí a gbìn sábẹ́ igi. Nítorí náà, kòkó abẹ́ ìbòòji kì í ṣe igbó. Gígé kòkó arúgbó láti gbin tuntun kì í ṣe pípa igbó run, ilẹ̀ oko tí a fi sílẹ̀ kó sinmi sì ṣì jẹ́ ilẹ̀ oko.

Máàpù ló ń ṣìnà. Èyí tí JRC, iléeṣẹ́ ìwádìí wọn, ṣe fún 2020, láti òkè ló ti ń wo ilẹ̀ ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, orí ìrókò ló sì ń rí. Àwọn fúnra wọn sọ pé kì í ṣe dandan kéèyàn lò ó. Ẹ fi ẹ̀rí dá a lóhùn. Ẹ ṣí Google Earth Pro, ẹ tẹ àmì aago, ẹ padà sí àwòrán ọdún tó ṣáájú 2021, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ààlà oko lórí rẹ̀. Ẹ gbé fáìlì sínú Whisp, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé) tó ń fi oríṣiríṣi máàpù wéra. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ oko lọ ya fọ́tò tó ní GPS àti ọjọ́ lára: ìdí kòkó tó ti nípọn, tó ti ní kókó wúwú níbi tí òdòdó àti èso ti ń yọ lọ́dọọdún. Kòkó tí wọ́n gbìn lẹ́yìn 2020 ò lè rí bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ létí gbogbo ìpàdé: kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ ìrókò yẹn nítorí kí máàpù lè dákẹ́. Ọjọ́ tí igi ńlá bá ṣubú ni satẹ́láìtì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé igi pòórá lẹ́yìn 2020, oko tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan á wá di èyí tó ń wá ẹ̀rí kiri.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́_Oǹdó

Mo ti gbọ́, màá sọ ọ́. Àwọn kan ní kajú pẹ̀lú, ṣé a máa wọn ìyẹn náà?

Ìyá_Sítọ̀_Kòkó

Kajú ò sí nínú nǹkan méje yẹn, òrí náà ò sí níbẹ̀. Ọ̀pẹ àti rọ́bà wà. Ohun kan ṣì kù: kí ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà gbogbo fáìlì oko lọ́wọ́ ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ló wá wọ̀n ọ́n tó sì gbé e lọ, ẹ ò ní lè ta kòkó fún ẹlòmíì lọ́dún tó bá dín owó kù. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn kí ẹsẹ̀ wọn tó wọ oko.