Wọ́n ní ọyàn mi ki, ṣé kí n fi síkáànù kún mámógíráàmù?

Ìyá_Ìbejì_Maryland:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo pé 46 lóṣù tó kọjá, mo lọ ya mámógíráàmù, fọ́tò ọyàn tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ, lẹ́tà wá dé pé àwọn ò rí nǹkan kan ṣùgbọ́n ọyàn mi ki, pé ìyẹn lè bo jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀, kí n bá dókítà sọ̀rọ̀. Nídìí àpótí lẹ́tà níta ni mo ti kà á, ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé ìrẹsì lórí iná. Dókítà ní tí mo bá fẹ́ kí n lọ ṣe síkáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, tí mi ò bá fẹ́ náà kò burú. Irú ìdáhùn wo nìyẹn? Ọyàn mi rọ̀ o, kò sí kókó kankan, kí ni wọ́n wá ń pè ní kíki?

Onísíkáànù:
Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Kíki yẹn, ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n, àfi fọ́tò. Lórí mámógíráàmù ọ̀rá máa ń dúdú, ẹran ọyàn máa ń funfun, jẹjẹrẹ náà máa ń funfun, tí ẹran bá wá pọ̀ ju ọ̀rá lọ ó dà bí ìgbà téèyàn ń wá lékeléke nínú oko òwú. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń pín in sí, láti A dé D, C àti D ni wọ́n ń pè ní kíki, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn obìnrin tó ti lé ní 40 ní Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀. Ó ń fi kún ewu díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn. Láti September 10, 2024 ni FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn, ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń yà á máa sọ fún obìnrin, ìyẹn ni lẹ́tà fi dé ọ̀dọ̀ yín.

Lórí síkáànù, ẹran yẹn ló ń funfun, jẹjẹrẹ sábà máa ń dúdú. Wọ́n dán an wò ní Japan lára obìnrin tó lé ní 70,000, ọmọ ogójì ọdún sí 49: mámógíráàmù nìkan rí 77 nínú 100 jẹjẹrẹ, nígbà tí wọ́n fi síkáànù kún un ó di 91. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n pè padà lórí òfo náà pọ̀ sí i. Ẹ má sì tìtorí síkáànù fi mámógíráàmù sílẹ̀ o, àwọn hóró funfun kéékèèké kan wà tí síkáànù kì í rí dáadáa.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston:
Òfo yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí mi jàre. Obìnrin tó ń ṣe é da nǹkan tútù sí mi láyà, ó ń bá mi ṣàwàdà, ṣàdédé ló dákẹ́, ó ń tẹ ẹ̀rọ, ó ń wọn nǹkan. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé nínú ẹ̀ lọ yẹ̀ wò, mi ò sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kókó lásán ni. Mámógíráàmù ọ̀fẹ́ ni, síkáànù ni inṣọ́ránsì ò san. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ.

Peckham_Girl:
Ẹ̀yin tiẹ̀ rí lẹ́tà gbà, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí ní UK, kì í sọ fún wa bóyá ó ki, 50 sí 71 ni wọ́n ń pè, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́n dán an wò níbí náà, àbájáde jáde ní 2025: nínú 1,000 obìnrin tí ọyàn wọn ki tí mámógíráàmù ò rí nǹkan kan lára wọn, síkáànù rí jẹjẹrẹ bíi 4, MRI kúkurú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya fọ́tò inú ara, rí 17. Tó bá jẹ́ owó mi ni, MRI ni mo máa wá.

Onísíkáànù:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n máa fọwọ́ sí i fún. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti ní in nílé yín? Ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò?

Ìyá_Ìbejì_Maryland:
Hmm. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ọmọ ọdún 41 ni nígbà tó kú n'Íbàdàn. Nílé, ọfà ni wọ́n ní wọ́n ta á, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń wẹ egbò ọyàn yẹn. Mo kọ "rárá" sínú fọ́ọ̀mù.

Onísíkáànù:
Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ pe dókítà lọ́la, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ bèèrè MRI, ẹ sì bèèrè àyẹ̀wò jíìnì, láti mọ̀ bóyá ewu ẹ̀ wà nínú ìdílé yín.

Ìyá_Ìbejì_Maryland:
Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní kí n mú ìwé wá tí mo bá ní. Mo ti fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní àpótí kan ṣì wà lókè àjà.